Àpólò, Johnson àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Fẹ́ Àtúnṣe

Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nínú ìwádìí: pé wọn kì í gba àtúnṣe. A fẹ́ fi àpilẹ̀kọ kan yẹ ẹ̀sùn náà wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kọ̀wé lórí bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí kí ìhìn rere tó débẹ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nìkan ló gbára lé. Ó ní 1897 ló jáde, ohun tí Johnson bá sì ti sọ, àbùṣe bùṣe.

A kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé ní 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ náà ní Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń ṣe àlùfáà. Pé èyí tó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù. Pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, kó tó jáde ní 1921. Ọ̀yọ́ ni òǹkọ̀wé jókòó sí, ó sì gbọ́ púpọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin ibẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀.

Ó fárígá. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fún òun ní iṣẹ́ náà.

Ẹ̀mí lè gbé iṣẹ́ lé wa lọ́kàn. Ìyẹn kò ní ká má wádìí ọdún. Àpólò gbóná nínú ẹ̀mí, ó mọ Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀ (Ìṣe 18:24-26). Ìwé Johnson gan-an tí akẹ́kọ̀ọ́ wa sá sí lẹ́yìn, àtúnkọ ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ náà dópin. Àkúílà àti Pírísílà mú Àpólò sọ́dọ̀ ni. Wọn kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú sínágọ́gù. Àwa ńkọ́? Níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ la ti ka àléébù rẹ̀ sí i létí. Ẹni tí a dójú tì kì í gbọ́ àlàyé. A pè é wá sílé, a tọrọ àforíjì, a sì fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ohun méjì: ọdún ìwé náà, àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tíì lọ.

Ó lọ. A ti sọ fún un pé ààfin Ṣọ̀ún nìkan ti tó; àwọn ìyá àgbà nínú agbo ilé ló fún un ní oríkì tó ràn án lọ́wọ́ jù. Àwa náà gba àtúnṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, kí a tó pe ọmọ ní olórí kunkun, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìgbà wo ló rí wa kẹ́yìn tí a gba àtúnṣe?