Àkùkọ Tí Ó Já Okùn

Bàbá mi ni ó kọ́ mi ní ìwé kíkà, Bíbélì Yorùbá ni ó sì fi kọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí mo ń ka The Escaped Cock, ìwé kékeré tí D. H. Lawrence, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lórí àjíǹde, ṣe ni mo dà bí ọmọ tí ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Mo kà á tán. N kò di kèfèrí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Ìtàn náà kò gùn. Olóko kan nítòsí Jerúsálẹ́mù so àkùkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀; àkùkọ já okùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọkùnrin kan tají nínú ibojì. Lawrence kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀: ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wí fún Madeleine pé wọ́n tètè sọ òun kalẹ̀ jù ni. Ọgbẹ́ ń dùn ún, kò sì fẹ́ gba ẹnikẹ́ni là mọ́.

Irú ìwé báyìí kò rọrùn láti tẹ̀. Ní 1928, owó ara rẹ̀ ni Lawrence fi tẹ Lady Chatterley's Lover ní Florence. Ní 1929, Harry àti Caresse Crosby, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tí wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé tiwọn sílẹ̀ ní Paris, ni wọ́n bá a tẹ èyí. Ó kú ní 1930. Nígbà tí ìwé náà jáde ní London ní 1931, The Man Who Died ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bí ọmọ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ lórúkọ. Baba kú tán, alágbàtọ́ fún ọmọ ní orúkọ mìíràn. Àkùkọ sì ni kókó ìtàn náà: bí ó ti já okùn ni ọkùnrin náà já aṣọ ìsìnkú.

Apá kìíní dára púpọ̀. Apá kejì ni mo bá jà. Ọkùnrin náà pàdé obìnrin kan, àlùfáà Isis, létí òkun. Obìnrin náà rò pé Osiris ni, ó sì lóyún fún un. Òǹkọ̀wé tí ó lé ẹ̀sìn kan jáde lẹ́nu ọ̀nà ti gba òmíràn wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ó dùn mí jù ni ojú tí ó fi ń wo tálákà. Olóko yẹn fi ẹni tí ìjọba pa pamọ́ sínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó rí owó gbà, ṣùgbọ́n ìwé náà fi í wé ògúlùtu. Bí a bá yọ iṣẹ́ ìyanu kúrò nínú Ìhìnrere, ó yẹ kí àánú ṣẹ́kù. Lawrence kó méjèèjì lọ.

Mo ń sọ èyí nítorí àwa náà. Àwọn kan nínú wa ń kọ ìtàn Mọ́remí àti ti Ṣàngó láìsí òrìṣà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tu owó jọ láti tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. N kò ní kí wọ́n má ṣe é. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fọwọ́ kan ìtàn tí ìyá rẹ̀ fi ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kí á bi ara wa pé: òrìṣà ti kúrò, kí ni a fi sí àyè rẹ̀?

Mo ròyìn ìwé náà fún bàbá mi nígbà ìsinmi. Mo ti ń retí ìbínú. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Olóko yẹn ńkọ́? Kí ni orúkọ rẹ̀?"

N kò rí èsì fún un.