Ta Ni A Ó Fi Ẹjọ́ Ọlọ́pàá Sùn?

Àwọn àgbà wa ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá lu àbúrò nínú ilé, bàbá tàbí ìyá ni àbúrò ń lọ bá, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n náà. Bí olórí kíláàsì bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n ń sọ fún. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá lu ọmọ ẹni, tàbí tó gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ibo ni ìyá náà máa gbà lọ? Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá wádìí ara rẹ̀ tó sì dá ara rẹ̀ láre, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo náà ni a gbọ́.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dá àjọ Police Service Commission sílẹ̀, ó sì fún un lágbára láti bá ọlọ́pàá wí àti láti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àfi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá nìkan ni agbára náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa gba ẹ̀sùn àwọn ará ìlú. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní kí adájọ́ májísíréètì máa bẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tó ṣẹ̀. Gbogbo èyí dára. Àmọ́ ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn yẹn, abẹ́ ọlọ́pàá ló wà. Ẹni tó ń wádìí lónìí lè di ọmọ abẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ́la.

Ní Èkó, a ti rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n tú ẹ̀ka SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti kún ojú títì. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi sì ni alága rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà lára ìgbìmọ̀ náà. Ní gbangba ni wọ́n ti ń jókòó. Olùfisùn sọ tirẹ̀, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá náà sì bi í ní ìbéèrè. Owó ìtanràn tí ìgbìmọ̀ yìí ní kí wọ́n san fún àwọn tí ìyà jẹ lé ní mílíọ̀nù 400 náírà. Mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Ibi tí ó kù sí rèé. Nígbà tí ìjọba Èkó fèsì sí ìmọ̀ràn 32 tí ìgbìmọ̀ mú wá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó ní 14 nínú rẹ̀ kọjá agbára òun, Àbújá ni òun máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Ìdí ni pé abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá wà. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ kò lè bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí. Ẹni tó lè bá a wí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ rẹ̀ tó kú. Owó ìpínlẹ̀, ìyẹn owó orí àwọn òbí wa, ni wọ́n sì fi ń san ìtanràn, kì í ṣe owó ẹni tó ṣẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé bí ará ìlú bá ń yẹ ọlọ́pàá lọ́wọ́ wò, olè yóò máa purọ́ mọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀rù iṣẹ́ yóò sì máa bà wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn kan máa purọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá náà níwájú ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ọlọ́pàá rere ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà sílẹ̀, torí pé bí kò bá sí ìwádìí tòótọ́, orúkọ burúkú kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọ́fíìsì kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe inú àgọ́ ọlọ́pàá, kí àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá sì máa wádìí ẹ̀sùn níbẹ̀. Kí wọ́n fún olùfisùn ní ìwé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò gbọ́ èsì sínú rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí òfin mú un ní dandan fún àjọ tó wà ní Àbújá láti fèsì láàárín oṣù mélòó kan. Bí kò bá gba ìmọ̀ràn, kó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ máa ń sọ fún wa pé kí a má jà, kí a lọ fẹjọ́ sùn. Ìmọ̀ràn rere ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹjọ́ sùn títí tí kò rí ẹni dá a, ojú títì ló kù tí yóò gbà lọ. A rí i ní ọdún 2020.