Oríkì Bàbá Àgbà àti Ìwé Ètò Ìsìnkú

Bí bàbá arúgbó kan bá fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora ní ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ròyìn rẹ̀. Ọ̀kan ni ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: àwòrán bàbá nínú agbádá ló wà níwájú, iye ọdún tó lò láyé wà lábẹ́ rẹ̀, orin ìsìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ. Èkejì ni oríkì tí àwọn obìnrin ilé ń kì fún un. Èrò mi ni pé oríkì ló ń jẹ́ ká mọ irú ẹni tí bàbá jẹ́, àti pé ọgbọ́n tí wọ́n fi hun ún ló fà á, kì í ṣe pé ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ wo ìtàn ìgbésí ayé inú ìwé ètò náà dáadáa. Ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe, oyè tó jẹ nínú ìjọ, ìyàwó tó fẹ́, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sáyé lọ: bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn láti ìlú dé ìlú. Bí a bá pa orúkọ rẹ́ tí a fi ti bàbá ojúlé kejì sí i, ó lè ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìwé ìwáṣẹ́ ló jọ. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó fi àádọ́ta ọdún ro oko kòkó kò fi ní ju ìlà méjì lọ níbẹ̀, nítorí oko kì í fún ni ní ìwé ẹ̀rí. Ká ní bàbá kan wà tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní àdá rẹ̀, àmọ́ tó máa ń gbé iṣu sílé aláìní kí onítọ̀hún tó la ẹnu béèrè. Ìwé ètò á pè é ní ọ̀làwọ́, ó parí. Àdá àti iṣu yẹn gan-an ni akígbe, ẹni tó ń ki oríkì, máa mú, á sì kì í mọ́ ọn títí ayé.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní Òkukù, ní agbègbè Odò-Ọ̀tìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni onímọ̀ kan, Karin Barber, ti ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1970, tó sì gbé ìwé jáde lórí oríkì ìlú náà ní 1991. Ìwé náà fi hàn pé àwọn obìnrin ló di oríkì mú jù níbẹ̀, àti pé oríkì kì í tò bí ìtàn: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ní ìtàn tirẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀. Kì í fi ìwà tó ṣàjèjì tàbí àléébù pamọ́. Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyí. Nítorí pé gbólóhùn náà ṣe ṣókí, tó sì ṣókùnkùn, ọmọ tó gbọ́ ọ á béèrè pé, "Kí ló dé tí wọ́n fi ń kì wọ́n báyìí?" Ìbéèrè yẹn ló ń mú kí àgbà sọ̀tàn. Ìwé ètò ti dáhùn ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó ní ohun tó fẹ́ béèrè mọ́.

Àwọn kan á ní owó ni wọ́n fi ń ra oríkì, pé ẹni tó bá náwó ni alágbe ń yìn. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ alágbe nìkan kọ́ ló ń kì. Ìyàwó ilé tó ti bá bàbá gbé agboolé fún ogójì ọdún mọ̀ ọ́n tinú tòde, àwọn tó ń gbọ́ ọ náà sì mọ̀ ọ́n. Irọ́ kò lè rìn jìnnà láàárín wọn. Ta ló ń yẹ ọ̀rọ̀ ìdágbére inú ìwé ètò wò? Àwọn mìíràn á ní oríkì kò ní déètì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ìbí àwọn àgbà wa, ìṣirò ni: wọ́n fi ìgbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ṣe òdiwọ̀n. Nọ́ńbà tí a fojú bù kò ṣeé gbára lé ju ọ̀rọ̀ tí gbogbo agboolé jẹ́rìí sí lọ.

Àtakò tó le jù ni pé ìwé ń pẹ́, akígbe ń kú. N kò jiyàn èyí. Àmọ́ ìwé àti oríkì kì í ṣe ọ̀tá. Nígbà tí I. B. Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ó fi oríkì àwọn olóyè pọ̀ mọ́ ìtàn wọn. Ohun tó tọ́ sí olóyè tọ́ sí bàbá àgbẹ̀. Kí ẹ tó gbé ìwé ètò lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹ lọ bá àwọn obìnrin ilé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ fún oríkì ní ojú ewé méjì, kí ẹ sì kọ ìtàn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ ṣe é nígbà tí bàbá ṣì wà láyé, kí òun fúnra rẹ̀ lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń kì í bẹ́ẹ̀.