Ìlù Lábẹ́ Ìka: Orílẹ̀-èdè Nínú Orin Dùùrù Wa

Ní 1905, ilé ìtẹ̀wé Oliver Ditson ní Boston gbé ìwé orin pianó kan jáde, Twenty-Four Negro Melodies. Samuel Coleridge-Taylor ló kọ ọ́, ọmọ tí dókítà ará Sàró kan bí sí London. Orin keje inú rẹ̀, "Oloba", orin Yorùbá ni. Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó, ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ló fún un ní orin náà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, òǹkọrin yìí sọ ohun tó ń lépa láìfi bò: ohun tí Brahms fi orin àwọn ará Hungary ṣe, tí Dvořák fi ti Bohemia ṣe, tí Grieg fi ti Norway ṣe, òun náà fẹ́ fi orin ìran adúláwọ̀ ṣe é.

"Oloba" dùn létí, ó sì yẹ ká máa rántí rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orin Yorùbá ló wà lókè. Àwọn ohùn tó ń gbè é nísàlẹ̀, ti Brahms ni. Ohùn ọ̀rọ̀ ló sì ń darí orin wa: ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá lọ ni orin ń lọ. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò, tí a wá fi ègbè òyìnbó sábẹ́ rẹ̀, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí orin ará Norway.

Chopin, òǹkọrin ará Poland, ìbá ti kọ́ Coleridge-Taylor lọ́gbọ́n mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá 1830 ló kúrò ní Warsaw. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ará Poland ti dìde sí ìjọba Russia, Chopin kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú ní 1849. Ilẹ̀ Faransé ló ti kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn mazurka rẹ̀, orin tó ti inú ijó ilẹ̀ Poland jáde. Kò wọ́pọ̀ kó mú odindi orin abúlé kan sínú wọn. Ẹsẹ̀ ijó ló mú. Nínú lílù mẹ́ta mẹ́ta yẹn, agbára a máa bọ́ sórí èkejì tàbí ẹ̀kẹta, níbi tí etí ti ń retí rẹ̀ lórí àkọ́kọ́. Ará Poland tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ilé ni wọ́n ń pè, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orin náà rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òǹkọrin Akin Euba (1935–2020) ló wo ọ̀rọ̀ yìí sàn-án jù lọ láàárín àwa Yorùbá. Ayọ̀ Bánkọ́lé, ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe iṣẹ́ tó dára nínú Ẹ̀gùn Variations, àmọ́ orin ló ṣì gbé sí iwájú. Ìlù dùndún ni Euba kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974, òun ló sì fún irú orin dùùrù yìí lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, African pianism. Inú pianó, òòlù kéékèèké ló ń lu okùn irin. A lè pè é ní ìlù láìṣe àsọdùn. Ọwọ́ òsì á di ìlù kan mú, kúkúrú, láìyẹsẹ̀, bí gúdúgúdú. Ọwọ́ ọ̀tún á máa wọlé, á máa jáde, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, bí ìyáàlù. Nínú Scenes from Traditional Life (1970), ó tiẹ̀ mú ètò ohùn méjìlá ti òǹkọrin òyìnbó Schoenberg wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹnì kan lè béèrè pé níbo ni orin Yorùbá wà níbẹ̀. Inú ìlù ni ó wà.

Síbẹ̀ ó ku ibì kan. Alùlù a máa fún ọsán ìyáàlù kí ohùn lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Kọ́kọ́rọ́ dùùrù kò lè yọ́. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí wọ́n kàn án mọ́.

Ọmọ Ìgbò ló rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Joshua Uzoigwe (1946–2005) kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ orin John Blacking ní Belfast, ó kọ odindi ìwé lórí Euba ní 1992, ó sì kọ òmíràn lórí ukom ní 1998. Ukom jẹ́ ọ̀wọ́ ìlù tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń lù níbi ìsìnkú obìnrin. Ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan ti dúró láti ilẹ̀. Ìlù bẹ́ẹ̀ kò béèrè pé kí dùùrù yọ́ ohùn. Nínú Talking Drums (1990), ẹ gbọ́ bí ọwọ́ òsì ṣe ń yí ìlù kan náà po nínú "Ukom", tí ọwọ́ ọ̀tún ń pa á dà díẹ̀díẹ̀ lókè rẹ̀, tí èèyàn kò fi ní mọ ìgbà tí gbogbo rẹ̀ gbóná.

Inú Talking Drums kan náà ni "Egwu Amala" wà, ijó àwọn obìnrin Ìgbò etí Odò Ọya, tí apá wọn ń ṣe bí ẹni ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Etí odò yẹn ni Onitsha wà. Ìlú yìí kan náà ni Àjàyí Crowther àti J. C. Taylor gbé iṣẹ́ ìjọ CMS dé ní 1857, tí orin ìsìn òyìnbó bá wọn wọlé, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ Ìgbò sábẹ́ orin tí kò mọ ohùn ọ̀rọ̀ náà. Àwa Yorùbá mọ ìyà yẹn, T. K. E. Phillips, olórin ìjọ, bá a jà ní Èkó. Orílẹ̀-èdè kan tó ní èdè kan ni Chopin ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí orin kan ṣoṣo máa dúró fún wa. Ohun tí Uzoigwe ṣe ló tẹ́ mi lọ́rùn: ó kọ́ ọgbọ́n lára dùndún Euba, ó padà sílé lọ fi ṣe ukom.

William Chapman Nyaho, ọmọ Ghana, ti kó iṣẹ́ Uzoigwe mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ìwé márùn-ún tí Oxford tẹ̀, Rebeca Omordia, olùtẹ dùùrù, náà sì gba orin dùùrù àwọn ọmọ Áfíríkà sílẹ̀ sínú àwo African Pianism rẹ̀ ní 2022. Àwọn olùkọ́ dùùrù ní Onitsha, Ìbàdàn àti Èkó kò ní àwáwí mọ́. Kí wọ́n fi "Egwu Amala" sí iwájú ọmọ tó ń múra ìdánwò orin, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ tètè kọ́ bí wọ́n ti ń di ìlù mú.