Ẹsẹ-Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ìwé Ẹ̀dùn: Kíka Ogún Champagney

Abúlé kékeré ni Champagney, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Vosges, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń lọ wo ilé àdúrà tí Le Corbusier kọ́ sí Ronchamp, tí kò jìnnà sí i, lè gba ibẹ̀ kọjá láì dúró. Ọ̀rọ̀ ni ogún tó gbayì jù lọ níbẹ̀: ẹsẹ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n nínú ìwé tí àwọn olùgbé abúlé náà kọ ní ọjọ́ 19 oṣù Mars ọdún 1789.

Ní ọdún náà, ọba Louis Kẹrìndínlógún ní kí gbogbo ìlú àti abúlé kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó jókòó. Ìwé wọ̀nyẹn ni à ń pè ní cahiers de doléances. Òtútù ti mú gan-an, ìkórè kò dára, búrẹ́dì sì wọ́n. Owó orí, owó iyọ̀ àti ẹ̀tọ́ àtiṣẹ́gi nínú igbó ni ọ̀pọ̀ abúlé ń sunkún lé lórí. Champagney wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹrú dúdú tó wà lókè òkun, ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí. Wọ́n ní ọkàn àwọn gbọgbẹ́ bí àwọn bá ronú ìyà tó ń jẹ ọmọnìkejì àwọn, tí wọ́n ń lò ní ìlò tó le ju ti ẹran arẹrù lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá rò ó dáadáa kò lè jẹ èso ilẹ̀ wọ̀nyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni a fi rin wọ́n. Wọ́n bẹ ọba pé kó wá ọ̀nà tí àwọn ẹrú náà yóò fi di ọmọ ìlú tó wúlò. Wọ́n sì ń bẹ̀rù kí ìran tó ń bọ̀ má baà pe àwọn Faransé ìgbà náà ní ajẹ̀nìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí. Anthropophages ni wọ́n kọ. Orúkọ tí àwọn òyìnbó máa ń fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ jíjìn ni. Abúlé yìí gbé e padà ka orí ẹni tó ń fi ṣúgà sínú kọfí rẹ̀. Ní ọdún 1789 yìí kan náà ni Olaudah Equiano, ẹni tó kọ pé ilẹ̀ Igbo ni a ti bí òun, tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun wọnú ọkọ̀ ẹrú, òun béèrè bóyá àwọn aláwọ̀ funfun náà fẹ́ jẹ àwọn ni. Kò sí ìdí láti rò pé àgbẹ̀ Champagney àti Equiano gbọ́ nípa ara wọn. Ẹni tí wọ́n mú bẹ̀rù pé wọn yóò jẹ òun. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ bẹ̀rù pé òun ti jẹ ẹ́.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò níbẹ̀ ni pé àwòrán kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi àwọn ọba tó wá júbà Jésù ọmọ-ọwọ́ hàn. Balthazar dúdú, wọ́n ní òun nìkan ni ènìyàn dúdú tí ará abúlé ń rí, òun ló sì mú kí àánú ṣe wọ́n. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n n kò gbà á tán. Ọba tó gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ pàṣán. Jacques-Antoine Priqueler, ọmọ abúlé náà tó ń ṣiṣẹ́ ológun nínú ẹ̀ṣọ́ ọba, ló mú ìròyìn wá sílé. Ó mọ èrò Société des Amis des Noirs, ẹgbẹ́ tí Brissot dá sílẹ̀ ní Paris ní 1788. Bí a bá fi àwòrán ṣáájú, a ti gbàgbé pé ẹnì kan kàwé, ó sọ̀rọ̀ níwájú ìpéjọ, àwọn mìíràn sì gbà láti fi ohùn sí i.

Ní 1971, René Simonin dá Maison de la Négritude sílẹ̀ níbẹ̀, Léopold Sédar Senghor sì gbà kí ó wà lábẹ́ ọlá òun. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó káàánú ni ogún yìí ń ṣàjọyọ̀. Ẹni tí a káàánú kò lórúkọ. Ìdè ẹ̀sìn ni ẹsẹ náà ní ó so àwọn àti ẹrú pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ “Nagô” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn ní Saint-Domingue ti ní ẹ̀sìn tiwọn kí wọ́n tó rí àlùfáà. (Franche-Comté kan náà, níbi tí abúlé yìí wà, ni ẹ̀wọ̀n Fort de Joux wà, níbi tí Toussaint Louverture kú sí ní 1803. Ìgbèríko kan, ìwé méjì.)

Kí a má sì fi Champagney nu ojú ara wa. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ jẹ́ èbúté pàtàkì tí Ọ̀yọ́ ń gbà ta ẹrú fún àwọn ọkọ̀ òyìnbó. A ní oríkì àwọn ọba wa. A ń sọ bí Dahomey ṣe fọ́ Kétu ní 1886, a sì ń sunkún àwọn tó lọ. Ẹ̀dùn fún àwọn tí àwa fúnra wa tà, n kò tíì rí i kà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ní ọdún tó kọjá, mo ní kí kíláàsì première mi tú ẹsẹ náà sí Yorùbá. Semblables dà wọ́n láàmú. Ẹnì kan kọ “àwọn tó jọ wọ́n”, òmíràn kọ “ẹlẹgbẹ́ wọn”, kí ọmọbìnrin kan tó kọ “ọmọnìkejì wọn”, tí gbogbo wa sì gbà á. Mo rò pé esclaves yóò rọrùn. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní ní abúlé bàbá àgbà òun, ìdílé kan wà tí wọ́n ṣì ń pè ní ọmọ ẹrú lẹ́yìn, wọn kì í sì í fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni kí òun kọ? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Agogo dún kí a tó dé orí ajẹ̀nìyàn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a sì tó parí ìtumọ̀ náà.