"Oko Ẹrú" nínú Ìwé Ẹ́kísódù

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé Ẹ́kísódù tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè yẹ̀ wò dáadáa. "Ilé ẹrú" ni èdè Hébérù pe Íjíbítì. "Oko ẹrú" ni Bíbélì Mímọ́ wa, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, pè é. Ní Alápẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ bákan náà.

Wọ́n mọ̀ ọ́n pè. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ẹni tí ó bá gbọ́ "oko" ti mọ̀ pé ilé ń bẹ níwájú.

Ṣùgbọ́n mo rí àléébù kan. Àgbẹ̀ a máa padà sí ilé tí ó ti jáde láàárọ̀. Àwọn tí a bí sí Íjíbítì kò fojú kan Kénáánì rí. Crowther pàápàá, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Abẹ́òkúta ni ó ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846. Ogun ti tú Òṣogùn. Ẹni tí ó bọ́ lóko ẹrú lè má bá ilé àná mọ́.

Síbẹ̀, "oko ẹrú" ni mo fara mọ́. Bí a bá pe ibi ìgbèkùn ní ilé, níbo ni ẹrú yóò sọ pé òun ń lọ?