Ta Ló Sọ Pé Aginjù Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, sáfárì tí gbogbo ayé ń pè yìí, ọ̀rọ̀ Swahili ni. Ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀, inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì ti yá a. Ẹni tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé, sáfárì ló ń lọ. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló sọ ọ́ di ti kìnnìún àti erin. Ìyẹn ò dùn mí. Ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Èyí tó ń bí mi nínú ni wilderness, tó kún inú ìwé ìpolówó sáfárì ẹlẹ́sẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, aginjù ni wọ́n pè é: ilẹ̀ tó ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

Ẹ wo iMfolozi, nílẹ̀ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Ian Player ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ mú àlejò wọgbó lọ́dún 1959. Èèyàn díẹ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn, atọ́nà tó gbé ìbọn á wà níwájú. Tó bá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wọn á dúró. Lóru, wọ́n á pín ìṣọ́ ṣe nídìí iná. Ètò yìí dára lójú mi gan-an. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á rí ipasẹ̀ ẹran tí ẹni tó wà nínú mọ́tò ò lè rí láéláé.

Àmọ́ ta ló mọ̀nà fún Player fúnra rẹ̀? Magqubu Ntombela ni, ọmọ Zulu tí kò mọ̀wé kà, tó sì mọ orúkọ odò àti òkè ibẹ̀, tó mọ ìtàn wọn. Player ò fi pamọ́ o. Ó kọ̀wé nípa ọ̀gá rẹ̀ yìí. Kí ló pe ìwé náà? Zululand Wilderness! Ẹni tó ń fi orúkọ pe ilẹ̀ ló wà nínú ìwé, aginjù ló wà lẹ́yìn ìwé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé ibẹ̀ náà ni Ṣáká ti ń gbẹ́ kòtò mú ẹran.

Ẹ má pè é ní àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán. Lọ́dún 1895 ni ìjọba amúnisìn ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ẹranko. Tí wọ́n bá ti lè pe ilẹ̀ kan ní òfìfo, ta ni yóò tún béèrè ẹni tó ni ín? Ọdẹ ilé wa ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ẹgàn yàtọ̀ sí ọ̀dàn, ó sì mọ igbó ta ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìpolówó wọ̀nyí, ẹ kọ orúkọ tí atọ́nà yín ń pe odò tí ẹ sọdá. Ìlà kan péré ni yóò gbà. Ẹ sì kọ orúkọ atọ́nà náà, jàre.